Fífi Windows 11 sí láptọ́ọ̀pù lákọ̀tun láìsí fláàṣì

Àwẹ̀ró:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan ni: Core i5 ìran kẹjọ, RAM 8GB, SSD 256GB, TPM 2.0 (ẹ̀yà ààbò tí Windows 11 ń béèrè) wà nínú ẹ̀. Windows 10 Pro ló wà lórí ẹ̀, Microsoft sì ti jáwọ́ nínú ìyẹn láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Windows 11 ni mo fẹ́ fi sí i, àmọ́ mi ò fẹ́ gbé e gun orí ti tẹ́lẹ̀, torí ẹrù ẹni tó kọ́kọ́ lo ẹ̀rọ náà ṣì kún inú ẹ̀ fọ́fọ́. Mo fẹ́ kí C, ibi tí Windows ń gbé lórí SSD, ṣófo pátápátá kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Ibi tó ti le nìyí: ihò USB méjèèjì ti kú, type-C tó kù, iná nìkan ló ń gbà. Torí náà ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kí n lọ ra fláàṣì. ISO, fáìlì ńlá tó kó gbogbo Windows 11 sínú, ti wà nílẹ̀, ìkànnì Microsoft ni mo ti wà á jáde. Ṣé Reset this PC tó? Àbí kí n kàn tẹ setup.exe tó wà nínú ISO? Àbí ọ̀nà kan wà tí mo lè gbà fọ́máàtì C gan-an láìsí ohunkóhun láti ìta?

Adékọ̀ǹpútà:

Ẹ pẹ̀lẹ́, àǹtí. Reset this PC kò lè gbé yín dé ibi tí ẹ ń lọ. Windows tó bá lórí ẹ̀rọ ló máa tún fi sílẹ̀. Windows 10 lẹ ní, Windows 10 lẹ máa tún bá níbẹ̀. Cloud download tó wà nínú ẹ̀ kàn ń wa ẹ̀dà tuntun Windows 10 yẹn láti íntánẹ́ẹ̀tì ni, ó sì lè jẹ dátà tó 4GB. Ẹni tí fáìlì Windows rẹ̀ bàjẹ́ ló wúlò fún.

Setup.exe látinú Windows sàn ju ìyẹn lọ. Ẹ tẹ ISO lẹ́ẹ̀mejì, á yọ bíi dísìkì tuntun, ẹ tẹ setup.exe, ẹ dé ibi tó kọ Change what to keep, ẹ yan Nothing. Fáìlì àti ètò àtijọ́ kò ní tẹ̀lé yín wọnú Windows tuntun. Ṣùgbọ́n kò fọ́máàtì C o. Ńṣe ló máa ká Windows àtijọ́ sínú fódà Windows.old, tó lè gba 20GB tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì di lẹ́yìn ọjọ́ 10 kí ẹ̀rọ tó pa á rẹ́ fúnra ẹ̀. Ẹ lè tètè pa á rẹ́ láti Settings, System, Storage, Temporary files. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò nílò ju ìyẹn lọ. Bó bá jẹ́ dandan kí C ṣófo, ẹ jẹ́ kí àwọn tó fẹ́ràn ojú dúdú Command Prompt dáhùn.

Bọ̀dá Wáyà:

Kò sẹ́ni tó lè ká ẹní tó ṣì jókòó lé lórí. Ìdí nìyẹn tí Windows tó ń ṣiṣẹ́ lórí C kò fi ní jẹ́ kí ẹ fọ́máàtì C. Fláàṣì táwọn èèyàn ń lò kò pa idán kankan, ibòmíràn tí kọ̀ǹpútà lè jókòó sí ló kàn ń fún un. Irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ sì ti wà nínú láptọ́ọ̀pù yín tẹ́lẹ̀: Windows kékeré kan tó ń jẹ́ WinRE, tó sábà máa ń gbé nínú ìpín Recovery, ìyẹn apá kan tí wọ́n gé sọ́tọ̀ lára SSD. Bó bá jí, inú RAM ló máa kó ara ẹ̀ sí, á pe ara ẹ̀ ní X:, ọ̀rọ̀ òun àti C tán nìyẹn. Ó wá ku ibi tí ẹ máa kó fáìlì ISO sí lórí SSD kan náà, tí kì í ṣe C.

Ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí administrator, kí ẹ tẹ:

reagentc /info

Ohun méjì lẹ ń wò níbẹ̀. Windows RE status gbọ́dọ̀ jẹ́ Enabled. Bó bá jẹ́ Disabled, ẹ tẹ reagentc /enable. Lẹ́yìn náà, ẹ wo nọ́ńbà tó tẹ̀lé ọ̀rọ̀ partition lórí ìlà Windows RE location. Bó bá jẹ́ partition4, tí C sì jẹ́ partition3, á jẹ́ pé WinRE ní ilé tirẹ̀. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà C ló wà níbẹ̀, ọ̀nà yìí á ṣì ṣiṣẹ́, àmọ́ bí ẹ bá ti fọ́máàtì C, ilé WinRE ti bá a lọ. Bí nǹkan bá já láàárín, kò síbi tí ẹ máa padà sí.

Ẹ tẹ manage-bde -status C: tẹ̀ lé e. Bí BitLocker, àgádágodo tí Windows fi ń ti dátà pa, bá wà lórí C, WinRE máa ní kí ẹ mú kọ́kọ́rọ́ onínọ́ńbà 48 wá, ọwọ́ ẹni tó kọ́kọ́ lo ẹ̀rọ yìí nìyẹn sì lè wà. Ẹ tẹ manage-bde -off C: kí ẹ sì dúró títí status á fi kọ Fully Decrypted. Ó lè pẹ́ díẹ̀. Ẹ má kánjú pa ẹ̀rọ.

Ó wá kan ìpín tuntun. Ẹ tẹ Windows àti R, ẹ kọ diskmgmt.msc. Ẹ tẹ ọ̀tún lórí C, Shrink Volume, kí ẹ kọ 15360. MB ni àpótí yẹn ń kà, 15GB nìyẹn. Ààyè tó bá yọ, ẹ sọ ọ́ di NTFS (ọ̀nà tí Windows ń gbà to fáìlì sórí dísìkì), ẹ pe orúkọ ẹ̀ ní INSTALL, ẹ fún un ní lẹ́tà N. Ẹ má lo FAT32: fáìlì kan ṣoṣo kò lè tó 4GB nínú FAT32, install.wim, fáìlì tí wọ́n di Windows tuntun sínú ẹ̀, tó wà nínú fódà sources sì máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. FAT32 tí ẹ máa kà lórí àwọn ìkànnì míì, ti ẹni tó fẹ́ kí BIOS (ètò tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó dé) fúnra ẹ̀ ka ìpín náà ni. Tiwa, WinRE ló máa kà á, WinRE sì mọ NTFS dáadáa.

Kí ẹ tó kó o, ẹ ṣí PowerShell, ẹ tẹ Get-FileHash tẹ̀lé orúkọ ISO, kí ẹ fi SHA256 (àmì gígùn tó ń fi hàn pé fáìlì pé) tó bá jáde wé èyí tó wà lójú ìwé Microsoft. Bí dátà bá já nígbà tí ẹ ń wà á, ISO lè ṣí dáadáa lójú yín, kó wá kú sáàárín ìfisílẹ̀ nígbà tí C ti ṣófo. Bí wọ́n bá ti dọ́gba, ẹ tẹ ISO lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ da gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ kọ sórí N:. Ohun inú ẹ̀ o, kì í ṣe ISO fúnra ẹ̀. Fódà sources gbọ́dọ̀ wà ní N:\sources, kó má wà nínú fódà míì.

Ẹ kó dráífà, ètò kéékèèké tí Windows fi ń bá Wi-Fi àti àwọn ẹ̀yà míì sọ̀rọ̀, pamọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ dá fódà N:\drivers sílẹ̀ kọ́kọ́, torí àṣẹ yìí kì í dá a fúnra ẹ̀:

pnputil /export-driver * N:\drivers

Bí Windows 11 kò bá mọ Wi-Fi yín nígbà tó bá ń ṣètò ara ẹ̀ tán, ó máa dúró lójú ibi tó ti ń wá íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì ní kọjá níbẹ̀. Ẹ tẹ Shift àti F10 níbẹ̀, ojú dúdú á ṣí, ẹ tẹ pnputil /add-driver N:\drivers\*.inf /subdirs /install. Lẹ́tà lè ti yí padà o, ẹ dán D tàbí E wò.

Ó yá. Ẹ ki ṣájà bọ̀ ọ́. Ẹ di Shift mú, kí ẹ tẹ Restart. Troubleshoot, Advanced options, Command Prompt. Ó lè béèrè pásíwọ́ọ̀dù administrator, ẹ rí i pé ẹ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó tẹ Restart. Pátákó ìfọwọ́tọ́ abẹ́ kíbọ́ọ̀dù lè má ṣiṣẹ́ níbẹ̀, torí dráífà ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ sí nínú WinRE; àyà yín ò gbọ́dọ̀ já. Tab, ọfà, Space àti Enter tó láti ṣe gbogbo ẹ̀, Alt àti lẹ́tà tó ní ìlà lábẹ́ náà ń ṣiṣẹ́.

Lójú dúdú yẹn, ẹ tẹ diskpart, ẹ tẹ list vol. Lẹ́tà tí ẹ mọ̀ nínú Windows lè ti yí padà. INSTALL tí ẹ pè ní N lè ti di D tàbí E. Orúkọ àti ìwọ̀n ni kí ẹ máa fi dá wọn mọ̀, ẹ má fi lẹ́tà. Ẹ tẹ exit, lẹ́yìn náà, ká ní E ni INSTALL:

E:\sources\setup.exe

Bó bá béèrè kọ́kọ́rọ́, ẹ yan I don't have a product key, kí ẹ yan Pro. Fúnra ẹ̀ ni Windows 10 Pro tó ti ní àṣẹ tẹ́lẹ̀ máa fún 11 Pro ní àṣẹ lórí pátákó inú ẹ̀rọ (motherboard) kan náà, bó bá ti rí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá yan Home lórí ẹ̀rọ Pro, kò ní gbà.

Ní ojú ibi tí ẹ ti ń yan ìpín, ẹ fara balẹ̀. C nìkan lẹ máa fọwọ́ kàn. Ẹ wo ìwọ̀n ẹ̀, ẹ yàn án, Format, kí ẹ tún yàn án, Next. Ẹ fi EFI oní 100MB (ibi tí ẹ̀rọ ti ń ka bó ṣe máa jí), MSR oní 16MB (ààyè tí Windows yà sọ́tọ̀ fún ara ẹ̀), Recovery àti INSTALL sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Bí ẹ bá pa INSTALL rẹ́, ẹ̀ka igi tí ẹ jókòó sí lẹ fi ayùn gé yẹn.

Sísí Terminal:

Bọ̀dá, mo gbà pẹ̀lú yín títí dé ibi tí ẹ ti ní kí wọ́n fi EFI àti Recovery àtijọ́ sílẹ̀. Fífisílẹ̀ tó mọ́ túmọ̀ sí pé ká pa gbogbo ìpín rẹ́, àyàfi INSTALL, ká yan ààyè òfìfo, ká jẹ́ kí setup fúnra ẹ̀ pín in. Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ ni, ta ló mọ ohun tí ẹni àná kó sínú EFI?

Bọ̀dá Wáyà:

Bí fláàṣì bá wà lọ́wọ́, èmi náà á sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lórí ẹ̀rọ tí USB rẹ̀ kú. Ká ní ẹ pa EFI àti Recovery rẹ́, setup ń ṣiṣẹ́ lọ, ó dé ìdá mẹ́rìnlélógójì nínú ọgọ́rùn-ún, iná lọ, bátìrì tòkunbọ̀ kò sì gbé ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ tàn án padà. Kò sí EFI tó pé, kò sí WinRE, kò sí ihò tí ẹ lè fi nǹkan bọ̀. Ìpín INSTALL wà níbẹ̀ o, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa ṣí i, torí NTFS ni, BIOS púpọ̀ kò sì mọ NTFS. Ẹ máa tú ẹ̀rọ, ẹ máa yọ SSD, ẹ máa wá ẹ̀rọ míì tó máa gbà á.

Ṣùgbọ́n bí C nìkan ni ẹ fọ́máàtì, EFI ṣì ń rántí ibi tí WinRE wà. Bí Windows Boot Manager bá wá Windows lórí C tí kò rí i, ó sábà máa ń ju yín sínú WinRE, tàbí kó gbé ojú búlúù tó ní 0xc000000e jáde, níbi tí ẹ ti lè tẹ F1 láti wọ̀ ọ́. Ẹ máa padà sójú dúdú, ẹ máa tẹ E:\sources\setup.exe lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Ìmọ́tótó EFI kò tó nǹkan tí ẹ lè fi ẹ̀rọ odindi ta tẹ́tẹ́ lé.

Ìdí kejì: ìpín INSTALL wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ C gangan, torí ara C ni wọ́n ti gé e. Bí ẹ bá parí, ẹ máa pa INSTALL rẹ́ nínú diskmgmt, ẹ máa tẹ ọ̀tún lórí C, Extend Volume, 15GB yẹn padà sílé. Bí ẹ bá jẹ́ kí setup pín in fúnra ẹ̀, ó máa fi Recovery tuntun sí ìdí ààyè náà, láàárín C àti INSTALL. Extend Volume á di eérú, kò ní ṣeé tẹ̀, torí C kì í fo ìpín míì kọjá.

Sísí Terminal:

Ọ̀rọ̀ iná yẹn gba ọwọ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fura pé kòkòrò wà nínú EFI lè yẹ ìyẹn náà wò lẹ́yìn tí Windows tuntun bá ti jí, tó sì ti rí i pé ó dúró. Nínú Windows tuntun, ẹ tẹ mountvol S: /s, kí ẹ wo S:\EFI. Fódà Microsoft àti Boot ni ti Windows. Èyí tó ní orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe láptọ́ọ̀pù, ètò àyẹ̀wò ẹ̀rọ ló sábà máa ń wà nínú ẹ̀, kò ṣe nǹkan. Fódà ubuntu tàbí grub tó jẹ́ ti ètò tí kò sí mọ́, ẹ lè pa á rẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé setup máa ń kọ̀ nígbà míì. Ó lè fẹ̀sùn kan TPM, ó lè kàn parẹ́ láìsọ nǹkan kan. Ẹ kò nílò rẹ̀ dandan. Ohun tí setup ń ṣe kò ju kó tú install.wim sórí C, kó sì kọ àkọsílẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ sínú EFI. Ẹ lè fọwọ́ ara yín ṣe é láti ojú dúdú WinRE kan náà:

dism /Get-ImageInfo /ImageFile:E:\sources\install.wim

Ó máa to àwọn ẹ̀dà inú ẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà wọn. Ẹ wo nọ́ńbà Windows 11 Pro lójú yín, ẹ má gba ti ẹnikẹ́ni gbọ́. Ó ń yí padà láti ISO kan sí òmíràn. Bí ẹ bá bá install.esd dípò install.wim, orúkọ yẹn ni kí ẹ kọ. Ká ní 6 ni Pro:

format C: /fs:ntfs /q
dism /Apply-Image /ImageFile:E:\sources\install.wim /Index:6 /ApplyDir:C:\
dism /Image:C:\ /Add-Driver /Driver:E:\drivers /Recurse

Format máa béèrè orúkọ tí C ń jẹ́ lọ́wọ́lọ́wọ́ kó tó gbà, kó má baà jẹ́ pé lẹ́tà ṣì yín lọ́nà. Orúkọ yẹn ni list vol kọ sí abẹ́ Label. Bí kò bá ní orúkọ, ẹ tẹ Enter. Ẹ má fo ìlà Add-Driver o. Bí ẹ̀rọ bá ń lo Intel RST (ètò Intel tó ń darí dísìkì) fún SSD, tí dráífà yẹn kò sí nínú Windows tuntun, ojú búlúù INACCESSIBLE_BOOT_DEVICE lẹ máa rí.

Lẹ́yìn náà, ẹ padà sínú diskpart, ẹ yan volume FAT32 oní 100MB yẹn, ẹ tẹ assign letter=S, exit, kí ẹ sì tẹ:

bcdboot C:\Windows /s S: /f UEFI

Bó bá dáhùn pé Boot files successfully created, ẹ tẹ wpeutil reboot. Ó parí.

Àwẹ̀ró:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá. Ẹnu Shrink Volume ni mo ti há. SSD ní 90GB òfìfo, síbẹ̀ ó ní òun kò lè fún mi ju 3,200MB lọ. Ìkejì, àwọn fọ́tò tó tó 12GB wà níbẹ̀ tí mi ò fẹ́ kó sọnù. Ibo ni kí n kó wọn sí?

Adékọ̀ǹpútà:

Fáìlì kan tí kò ṣeé ṣí nípò jókòó sápá ìparí C ni. Òfìfo pọ̀ níwájú ẹ̀, àmọ́ ẹ̀yìn ni Shrink ti ń gé wá, kò sì lè gbé e kúrò. Mẹ́ta ló sábà máa ń jẹ́: hiberfil.sys, pagefile.sys, àti àwọn àwòrán System Restore. Ẹ tẹ powercfg /h off fún ti àkọ́kọ́. Ẹ wá System Protection, Configure, ẹ pa á, kí ẹ sì tẹ Delete fún èyí tó ti kó jọ. Pagefile wà ní Advanced system settings, Performance, Advanced, Virtual memory. Ẹ yan No paging file. Restart, kí ẹ tún Shrink gbìyànjú. Ẹ ò ní nílò láti dá wọn padà, C máa tó di òfìfo.

Ní ti fọ́tò, ẹ fi 30720 dípò 15360, kí ẹ kó wọn sínú INSTALL. Àmọ́ SSD kan náà ni o. Bí ẹ bá ṣì ìpín yàn, fọ́tò bá a lọ. Ẹ fi ẹ̀dà kejì sórí fóònù nípasẹ̀ Wi-Fi. LocalSend ń ṣe é láìjẹ dátà rárá, kó sáà jẹ́ pé láptọ́ọ̀pù àti fóònù wà lórí Wi-Fi kan náà.

Àkànní:

Ẹ jẹ́ n fi ọ̀kan kún un nítorí tòkunbọ̀. Kí ẹ tó fọ́máàtì ohunkóhun, ẹ tẹ dsregcmd /status. Bí AzureAdJoined bá jẹ́ YES, ilé-iṣẹ́ kan ló ni ẹ̀rọ yẹn rí, wọ́n sì lè ti fi nọ́ńbà ẹ̀ sínú Autopilot, àkọsílẹ̀ Microsoft tí ilé-iṣẹ́ fi ń darí ẹ̀rọ wọn. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, bí Windows tuntun bá ti rí íntánẹ́ẹ̀tì, ojú tó ní orúkọ ilé-iṣẹ́ yẹn ló máa gbé jáde, á ní kí ẹ fi ímeèlì wọn wọlé. Bó ti wù kí ẹ fọ́máàtì tó, kò lè yọ ọ́, torí ọ̀dọ̀ Microsoft ni àkọsílẹ̀ wà, kì í ṣe lórí SSD. Ilé-iṣẹ́ yẹn nìkan ló lè yọ ẹ̀rọ kúrò. Ẹ̀rọ lè kọ NO kó ṣì wà nínú Autopilot, àmọ́ bó bá ti kọ YES, ọ̀dọ̀ ẹni tó tà á ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ.



Àwẹ̀ró:

AzureAdJoined kọ NO. Powercfg àti System Protection tó, Shrink ti gba 30720. Fọ́tò ti wà lórí fóònù, reagentc ní partition4. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé dandan ni kí n pa INSTALL rẹ́ bí mo bá parí?

Bọ̀dá Wáyà:

Rárá o. Níwọ̀n ìgbà tí USB bá ṣì kú, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ kàn yọ lẹ́tà ẹ̀ nínú diskmgmt, Change Drive Letter, Remove, kó má baà máa yọjú láàárín àwọn fáìlì yín. WinRE á ṣì rí i lọ́jọ́ tí ẹ bá tún nílò ẹ̀. Ẹ tẹ reagentc /info lẹ́ẹ̀kan sí i nínú Windows 11: bí ìpín Recovery àtijọ́ bá kéré jù fún WinRE tuntun, Windows lè ti kó o lọ sórí C tàbí kó gé díẹ̀ lára C láti ṣe òmíràn. Ẹ mọ ibi tó wà kí ẹ tó fọwọ́ kan ìpín kankan.